Ohùn Tó Wà Nínú Àpótí Alága

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀ tán kí èémí tó tán nínú mi: Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú lórí Àṣà, Eré Ìdárayá, Omi Ẹ̀gbin àti Ibi Ìsìnkú. Òun fúnra rẹ̀ ló to oyè náà bẹ́ẹ̀. Ó sì pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kà á láti òkè délẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá wá. Ọkùnrin kan sáré wá lọ́jọ́ kan láti sọ pé omi ẹ̀gbin ti ya wọ yàrá òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Kó tó dé Ibi Ìsìnkú, omi ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ará ìlú, tí wọn ò ní àsìkò tó bẹ́ẹ̀, ń pè é ní Gbọ̀ngàn-Ò-Gbà-Á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é o.

Oṣù tó dé ipò gan-an ló ti ní àga òun kò ga tó. Wọ́n ní kò sí owó tí wọ́n lè fi ra òmíràn. Ó ní kò le, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àga àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aṣojú ìlú, àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin tí a fi ìbò wa gbé débẹ̀, ti ń jókòó bí ọ̀pọ̀lọ́, tí orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Ó tún ní kí akọ̀wé ìpàdé máa kọ àtẹ́wọ́ tí wọ́n bá pa fún òun sínú ìwé ìpàdé ní ipele mẹ́ta: àtẹ́wọ́ kékeré, àtẹ́wọ́ ńlá, àti àtẹ́wọ́ tí ọwọ́ kọ̀ láti dúró. Aṣojú kan pa ẹ̀fọn láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: àtẹ́wọ́ kékeré.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá dúró sẹ́yìn àpótí onígi ńlá tó máa ń gbé ọwọ́ lé, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀ wọ̀ọ̀, kò ní kólòlò, kò ní wo ìwé. Àwọn èèyàn á máa mi orí pé, "Ọpọlọ rèé!"

Ọpọlọ ni lóòótọ́. Inú àpótí ló jókòó sí.

Ìlú yìí ní tíátà kan, owó ìlú la sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Nínú tíátà náà ni obìnrin àgbàlagbà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa jókòó sí ìkọ̀kọ̀, kí ìwé eré wà lórí itan rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sá mọ́ òṣèré lẹ́nu, òun ló máa sọ gbólóhùn tó kàn fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí ẹni tó sanwó wọlé ò sì ní mọ̀. Olùránnilétí ni orúkọ iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọdé tó máa ń wá kọ́ eré lọ́jọ́ Sátidé ló sọ ọ́ ní Màmá Kẹ́lẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ni Alága fi ń yá Màmá Kẹ́lẹ́ lò láìsan kọ́bọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tíátà ló kan àpótí náà, ó ṣe ihò sínú rẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan àti iná kékeré kan sí i. Àwọn ará ìlú rò pé àpótí náà tóbi nítorí pé ẹni tó ń lò ó tóbi. Màmá Kẹ́lẹ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ náà, òun náà ló ń sọ ọ́ láti inú ihò, Alága á sì gbà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á fi ohùn ńlá rẹ̀ jù ú síta. Ọ̀rọ̀ ń gba etí rẹ̀ wọlé, ó ń gba ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì yà síbì kankan láàárín.

Màmá Kẹ́lẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kan. Yíǹkì dúdú ló fi ń kọ ohun tí Alága máa sọ. Yíǹkì pupa ló fi ń kọ ohun tí Alága máa ṣe: ibi tí yóò ti dúró, ibi tí yóò ti wo òkè, ibi tí yóò ti nu ojú. Nígbà tó yá, yíǹkì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi ohùn rẹ̀ yá ẹlòmíràn lọ́dún mọ́kànlá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ fẹ́ kó tú ikùn rẹ̀ sí?

Bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Alága jí lọ́jọ́ kan, ó ní ìlú yìí nílò Ọgbà Ìdúpẹ́. Òkúta dídán ni wọn yóò tẹ́ síbẹ̀, ère Alága fúnra rẹ̀ yóò sì dúró láàárín, omi yóò máa tú jáde lẹ́nu ère náà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe bí ọmọdé.

Ó pe akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni.

"Bẹ́ẹ̀-Ni, kí ni tíátà yẹn ń ṣe fún ìlú?"

"Ohun tí Ọlọ́lá bá ní ó ń ṣe ni, sà."

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan."

"Háà! Ẹ ti rí i, sà! Nǹkan kan yẹn gan-an ni kì í ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí i."

"Owó tí a ń ná síbẹ̀, ṣé kò ní tó ère?"

"Á tó ère, sà. Á tún ku owó tí a ó fi máa fọ etí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀-Ni kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ tíátà jọ, ó kọ "kò wúlò" síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: atanná kò wúlò, gbẹ́nàgbẹ́nà kò wúlò, olùkọ́ àwọn ọmọdé kò wúlò, olùránnilétí kò wúlò. Alága buwọ́ lù ú láìkà á. Kì í ka ìwé. Ó ní ìwé kíkà máa ń mú kí ojú èèyàn wo ilẹ̀, ojú tòun kì í sì í wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí Màmá Kẹ́lẹ́ pé kó kọ ọ̀rọ̀ tí òun máa fi pa tíátà náà rẹ́ níwájú àwọn aṣojú. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun."

"Màmá, kò kàn yín. Ọ̀tọ̀ lẹ̀yin. Ẹ lọ kọ ọ́, kó dùn létí."

Ó lọ kọ ọ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n yíǹkì pupa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi aránṣọ kan hàn yín. Obìnrin náà máa ń tún aṣọ eré rán fún tíátà. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá ọmọ náà ni kò ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ìyá rẹ̀, ìyẹn gan-an á sì ní láti tẹ́ etí. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ní kí wọ́n ní sùúrù. Tíṣà rẹ̀ ní ọmọ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ó ti ti ilẹ̀kùn látinú. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí tíátà lọ́jọ́ Sátidé kan nítorí pé kò sẹ́ni tí ì bá fi í tì nílé. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n fún un ní gbólóhùn kan nínú eré àwọn ọmọdé. Aṣọ́nà ni. Ó gbé igi lọ́wọ́, ó dúró níwájú igba èèyàn, ó sì ké pé: "Ta nìyẹn? Dúró síbẹ̀!"

Gbólóhùn kan péré. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rí, tó ń gbọ́ bóyá ọmọ òun ń mí, á mọ bí gbólóhùn kan ṣe tóbi tó.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ ti tíátà pa, aránṣọ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣojú mẹ́sàn-án ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìyọ́nú.

"Ìyáàfin, ọkàn mi wà pẹ̀lú yín."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọkàn dìbò. Ọwọ́ yín ni mo wá fún."

Èyí kejì ní kí wọ́n sọ pé òun kò sí nílé. Bàtà rẹ̀ ń yọ nísàlẹ̀ aṣọ fèrèsé, ẹsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Aránṣọ kí bàtà náà, ó sọ gbogbo ohun tó bá wá fún un, ó sì ní kí ó bá òun kí ẹni tó ni ín.

Ó dé ọ̀dọ̀ Alága fúnra rẹ̀.

"Ẹ ka oyè," ni Bẹ́ẹ̀-Ni wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, oyè ọ̀gá yín gùn, mo sì fi ìkòkò sórí iná. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Omi Ẹ̀gbin." Ó wọlé. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ dákun, ẹ má ti tíátà pa."

Alága na ìka sókè. "Ìyáàfin! Ṣé èèyàn máa ń jẹ tíátà ni?"

"Rárá, sà. A kì í sì í jẹ ère."

Alága ya ẹnu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo abẹ́ tábìlì. Kò sí Màmá Kẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ó wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó mọ̀ lórí: "A ó gbé e yẹ̀ wò."

Ọ̀dọ̀ aṣojú tó kẹ́yìn ló ti rí àga jókòó sí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin yìí, ó sì fi ogójì ọdún gbọ́ irọ́ lẹ́nu àwọn tó ní àwọn ti lo oògùn wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ tán.

"Kí lọmọ náà wí lórí ìtàgé?"

Aránṣọ sọ fún un.

"Mi ò lè ṣèlérí ìbò ẹlòmíràn fún ọ, àbúrò. Mo ní ìbò kan, mo sì ní ìbéèrè kan. Méjèèjì ni mo máa lò."

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣèpàdé náà ni lẹ́tà dé ọwọ́ Màmá Kẹ́lẹ́: iṣẹ́ ti tán. Bẹ́ẹ̀-Ni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i nínú orúkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó sáré wọlé tọ Alága.

"Sà, Màmá inú àpótí wà lára àwọn tí a lé."

"Ta ló lé e?"

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú, sà."

"Ìbuwọ́lù náà ńkọ́, ṣé ó dára?"

"Kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí, sà."

"Ó parí nìyẹn. Ọwọ́ mi kì í ṣàṣìṣe. Ìwọ lo máa wọ àpótí."

Màmá Kẹ́lẹ́ gbé ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wọn: ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, gbọ́ o. Dúdú, kà á síta. Pupa, ojú rẹ nìkan ló wà fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, bẹ́ẹ̀ ni," ni Bẹ́ẹ̀-Ni wí. Fóònù wà ní etí rẹ̀ kan.

Wàyí o, òfin kan wà ní ọ́fíìsì náà tí Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde bó ṣe wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fótókọ́pì rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì ti ojúlówó mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ fótókọ́pì wọn kì í sì í tẹ àwọ̀ mọ́, nítorí pé wọ́n ti fagi lé owó yíǹkì aláwọ̀ kí òkúta ọgbà lè pé. Bí ìwé Màmá Kẹ́lẹ́ ṣe jáde nìyẹn, ojú ewé méje, òǹtẹ̀ mẹ́rìnlá, dúdú láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwọn ìyá kún ibi ìjókòó ará ìlú fọ́fọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tíátà wà pẹ̀lú wọn, Màmá Kẹ́lẹ́ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránṣọ. Àpótí ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi agbára ki Bẹ́ẹ̀-Ni bọ inú rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń mí bí ewúrẹ́ tó jẹ gaàrí. Alága gbé ọwọ́ lé e. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Ẹ̀yin aṣojú ọlọ́lá, ẹ̀yin ará ìlú àtàtà! Kó dúró díẹ̀ níbí. Kó wo òkè bí ẹni tó ń ronú."

Àwọn aṣojú wo ara wọn. Àwọn kan rò pé òwe jinlẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ìpàdé kọ: àtẹ́wọ́ kékeré.

"Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àṣà tó mi ní gbogbo ìlú yìí! Irọ́ ni. Ọdún kẹfà rèé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan tíátà gbẹ̀yìn, oorun ló sì wá sùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alága gbọ́ ọ, ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó gbé ohùn sókè sí i.

"Owó tí a bá gbà níbẹ̀, àwọn aláìní la ó fi ràn lọ́wọ́! Kó fi ọwọ́ lé àyà. Apá òsì ni ọkàn wà, kó má tún lọ fi lé ikùn."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ikùn kó tó sọ ọ́ tán. Ẹ̀rín bú. Orúnkún àwọn aṣojú ń gbá àgbọ̀n wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ dá ọkùnrin náà dúró. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́, wọn ò kọ́ bí a ṣe ń gbọ́.

"Nígbà tí mo bá rántí ìyà tó jẹ ìyá mi! Kó nu ojú. Bí omijé kò bá wá, kó rántí ọjọ́ tí wọ́n dín owó epo mọ́tò rẹ̀ kù."

Ẹ ò ní gbàgbọ́, omijé wá lóòótọ́. Alága nu ojú, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ohùn tó dùn jùlọ tó ti inú rẹ̀ jáde rí sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀yìn ń dùn mí nínú àpótí yìí. Ọlọ́run, dárí jì mí, ìwé tí mo ń kọ yìí ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ mi ọjọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kò tí ì bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Àwọn òṣìṣẹ́ tíátà yí ojú sí Màmá Kẹ́lẹ́. Ìyá àgbà náà ti fi ìborùn bo ojú.

Nọ́ọ̀sì ti ara rẹ̀ dìde lórí àga kúkúrú náà.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀, ẹ bọ́ síwájú níbí. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wa: kí ló dé tó fi yẹ ká ti tíátà pa?"

Alága bọ́ síwájú. Kí ni ì bá ṣe? Ó ya ẹnu. Ẹnu náà tóbi, ó mọ́, eyín rẹ̀ pé, nǹkan kan kò sì jáde níbẹ̀. Ó pa á dé. Ó tún un ṣí. Níbi tí Màmá Kẹ́lẹ́ jókòó sí, ètè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára, kò lè rí ẹni tí ọ̀rọ̀ sá mọ́ lẹ́nu kó má ràn án lọ́wọ́. Aránṣọ rí i. Ó fà á lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Lónìí nìkan."

Màmá Kẹ́lẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Bẹ́ẹ̀-Ni ló sọ̀rọ̀ láti inú àpótí. Olóòótọ́ èèyàn ni, ó rò pé ohùn òun ni kò dé etí ọ̀gá òun. Ó pariwo pé, "Ìwé ti tán, sà! Ojú ewé méjèèje ti tán! Kò sí nǹkan kan mọ́ níbí!" Ó fẹ́ na ìwé náà sí i kó rí i, ni àpótí bá dojú dé gbì, tí Bẹ́ẹ̀-Ni sì yí jáde bí iṣu, àpótí ìjókòó kékeré náà ṣì há mọ́ ọn ní ìdí.

"Ta nìyẹn?" ni obìnrin kan béèrè láàárín àwọn ará ìlú.

"Ọ̀rọ̀ Alága ni," ni gbẹ́nàgbẹ́nà dá a lóhùn.

Wọ́n dìbò. Méje nínú àwọn mẹ́sàn-án ní kí owó tíátà dúró síbi tó wà, ẹni tó ni bàtà abẹ́ fèrèsé náà wà lára wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yọ Alága nípò. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó ní a ó gbé e yẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ dé náà ni wọ́n dúró sí, ẹsẹ̀ méjì láìsí ẹni lórí wọn, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí àwọn agbálẹ̀ ti ń gbé ìgbálẹ̀ tì í.

Ká gbọ́ òtítọ́ tó kù: lẹ́yìn ìbò náà, kò sí aṣojú kan tí kò fẹ́ràn tíátà láti inú oyún. Wọ́n kún ìlà iwájú ní eré tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ní ọkàn òun wà pẹ̀lú wọn sọ fún oníròyìn pé òun ló gba tíátà là.

Màmá Kẹ́lẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ aránṣọ padà lọ́jọ́ Sátidé. Gbólóhùn mẹ́rin ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí. Kí ìyá rẹ̀ tó ti ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ tán, ó ti sá wọlé, ó ń pariwo orúkọ ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ ni. Ó ti ní ọ̀rẹ́.

Ọdún yí po. Ìwé ètò ìnáwó tuntun délẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ níbi tó ti ń tún ọrùn aṣọ kan rán, Alága tuntun sì wà lórí afẹ́fẹ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, oyè rẹ̀ kúrú, ọmọlúàbí èèyàn. Ó ní kò sí iṣẹ́ ọnà tí òun kò nífẹ̀ẹ́ sí, pé bí ìlú kò bá ní tíátà, ìlú náà kò ní ẹ̀mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n..."

Aránṣọ kò dúró gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé ṣùgbọ́n. Ó ti pa ẹ̀rọ, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án ló wà láti kàn kó tó di ìrọ̀lẹ́.